Orúkọ Èdè, Orúkọ Ènìyàn: Ìdánimọ̀ Tó Wọnú Ara Wọn láàrin Àwọn Elédè Ẹ̀bá Ààlà

Àṣàmọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé lórí ipò àwọn ènìyàn tí èdè wọn, ìran wọn àti ìpínlẹ̀ wọn kò tọ́ka sí orúkọ kan ṣoṣo, tí àwọn tó yí wọn ká sì máa ń fẹ́ kí wọ́n mú ọ̀kan, kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀. A wo àwọn Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kógì, àwọn ará Ìlọrin, àwọn Ìṣẹ̀kírì àti Olùkùmi ní Ìpínlẹ̀ Delta, àti àwọn ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Olómìnira Benin. Èrò wa ni pé ìṣòro náà kò sí lára àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Inú ìbéèrè tí a ń bi wọ́n ló wà. A fi ẹ̀rí gírámà hàn pé èdè Yorùbá ní ìhun kan tó gba orúkọ púpọ̀ fún ẹnì kan, ó sì ní òmíràn tí kò gbà á bẹ́ẹ̀. Ìhun tí kò gbà á ni fọ́ọ̀mù ìjọba àti fọ́ọ̀mù ìwádìí àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè gùn lé. A fi àbá lórí bí a ṣe lè tún ìbéèrè wa tò parí iṣẹ́ náà.

1.0 Ìfáàrà

Ní ọdún 1988, nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní ìlú kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, akọ̀wé tó ń gba orúkọ wa sílẹ̀ bi mí ní ìpínlẹ̀ mi. Mo ní Kùwárà, nítorí a kò tí ì dá Kógì sílẹ̀ nígbà náà. Ó bi mí ní ìlú mi. Mo dárúkọ abúlé kan ní ilẹ̀ Ìyàgbà. Ó gbójú sókè, ó ní, ‘Ẹ̀yin Gàm̀bàrí yìí mà gbọ́ Yorùbá o!’ Yorùbá ni àwa méjèèjì ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, mo di àgùnbánirọ̀ ní ìlú kan ní àríwá. Bayarabe ni àwọn tó gbà mí lálejò níbẹ̀ ń pè mí, èyí tí í ṣe orúkọ tí àwọn Hausa ń pe ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá. Ẹnì kan náà ni mí ní ibi méjèèjì.

N kò sọ ìtàn yìí láti ṣàròyé. Ohun tó gba àròjinlẹ̀ níbẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ nínú wọn. Ààlà ìpínlẹ̀ ni akọ̀wé náà fi wọ̀n mí; èdè ni àwọn agbàlejò mi fi wọ̀n mí. Òṣùwọ̀n méjì ni wọ́n lò, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sì gbà pé tòun nìkan ló wà. Yorùbá a máa fi ẹni tó bá wà ní irú ipò yìí wé àjàò, tí kò ṣe eku, tí kò sì ṣe ẹyẹ. Ṣùgbọ́n àjàò mọ ohun tí òun jẹ́. Ẹni tó pín ẹ̀dá sí eku àti ẹyẹ nìkan ni kò rí ibi fi í sí.

Ìbéèrè mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn:

(i) Báwo ni orúkọ tí a ń pe ẹ̀yà àti èdè ṣe dé ọ̀dọ̀ wa?
(ii) Kí ni ìhun gbólóhùn Yorùbá fi yé wa nípa bí ènìyàn ṣe lè jẹ́ ti ibi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà?
(iii) Ipa wo ni àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kó nínú ìṣòro yìí, kí ni a sì lè ṣe sí i?

2.0 Orúkọ tí àwọn ẹlòmíràn sọ ni

Ó yẹ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ Yorùbá fúnra rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń lò ó bí ẹni pé ó ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀ fún gbogbo àwọn tó ń jẹ́ ẹ lónìí. Orúkọ yìí ti hàn nínú ìwé tí Ahmad Baba, onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti Timbuktu, kọ ní èdè Lárúbáwá ní nǹkan bí ọdún 1615. Lẹ́nu àwọn Hausa, àwọn ará Ọ̀yọ́ ni ó ń tọ́ka sí. Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Èkìtì àti Oǹdó kò fi pe ara wọn nígbà náà. Àwọn ajíhìnrere àti àwọn ẹrú tí a dá nídè ní Sàró ló sọ ọ́ di orúkọ gbogbogbò ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ tí Samuel Ajayi Crowther tẹ̀ jáde ní 1843 sì wà lára ohun tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló tẹ́ lọ́rùn. S. W. Koelle, nínú Polyglotta Africana tó jáde ní 1854, takò ó pé kò tọ́ kí orúkọ apá kan di ti gbogbo wọn. Aku ni òun lò.

Aku yìí ni wọ́n ń pe àwọn ènìyàn wa ní Sàró. Inú ìkíni wọn, ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ni wọ́n ti fa orúkọ náà yọ. Ẹ jẹ́ kí á ṣàkíyèsí pé ohun tó jọ èyí ṣẹlẹ̀ ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá. Ìyàgbà, Ìjùmú, Owé, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe ara wọn, oníkálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Òkun, tí a fi ń pe gbogbo wọn pọ̀ lónìí, wá láti inú ìkíni tí wọ́n jọ ní. Ìkíni ni ó di orúkọ ní ibi méjèèjì. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn Òkun gba tiwọn mọ́ra, wọ́n sì ń fi í ṣe àpèjúwe ara wọn láàrin àwọn ẹ̀yà mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Kógì.

Ní ìwọ̀-oòrùn, àwọn Fọn a máa pe àwọn elédè Yorùbá tó wà ní ìtòsí wọn ní Nago. Àwọn Faransé gba orúkọ náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì fi í sínú ìwé ìjọba. Òun náà ló di Nagô ní Brazil. Ní Cuba, Lucumí ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn ènìyàn tí èdè wọn kò jìnnà síra wọn ni gbogbo orúkọ wọ̀nyí ń tọ́ka sí. Ọ̀nà tí olúkúlùkù olùfúnnilórúkọ gbà pàdé wọn ni kò dọ́gba.

Kì í ṣe pé a ń fi èyí sọ pé irọ́ ni orúkọ Yorùbá. Orúkọ tí a gbà tí a sì fi tọ́mọ fún ọ̀pọ̀ ìran ti di tiwa. Ohun tí à ń sọ ni pé orúkọ gbogbogbò jẹ́ ohun tí a kọ́ lé orí àwọn orúkọ mìíràn tó ti wà nílẹ̀, àwọn tó wà nílẹ̀ náà kò sì kú. Ẹni tó ń jẹ́ orúkọ méjì tàbí mẹ́ta kò ṣe ohun tuntun.

3.0 Àwọn tó wà lẹ́bàá ààlà

3.1 Àwọn Òkun

Ilẹ̀ Òkun wà ní ìhà gúúsù odò Ọya. Síbẹ̀, ‘ará Òkè Ọya’ ni ọ̀pọ̀ ń pè wọ́n ní Ìbàdàn àti Èkó, bí ẹni pé wọ́n ní láti sọdá odò náà kí wọ́n tó dé ìlú wọn. Ìdí èyí kò ṣòro láti rí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ ogun Tápà láti Bida kó ilẹ̀ náà lẹ́rú, wọ́n sì gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun Royal Niger Company ṣẹ́gun Bida ní 1897, Kàbà wà lára ibi tí wọ́n gbà kọjá. Lẹ́yìn náà ni ìjọba amúnisìn fi agbègbè náà sí abẹ́ Àríwá. Ìgbìmọ̀ Willink, tí a gbé kalẹ̀ ní 1957 tó sì jábọ̀ ní 1958, gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ́ kí Ìlọrin àti Kàbà darapọ̀ mọ́ Ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn, ṣùgbọ́n ààlà náà kò yí padà. Ní 1967, wọ́n wà lára ìpínlẹ̀ tó di Kùwárà. Ní 1991, a kó wọn pọ̀ mọ́ Ígálà àti Ebira láti dá Ìpínlẹ̀ Kógì sílẹ̀.

Òkun tó bá dé gúúsù yóò gbọ́ pé ará àríwá ni òun. Bó bá dé Kaduna, yóò gbọ́ pé Yorùbá ni òun. Bó bá jàǹfààní ohun kan tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀ àríwá, a ó ní ó fẹ́ jẹ níhìn-ín kó tún jẹ lọ́hùn-ún. Àwọn kan wà tí wọn kò gbà láti mú ọ̀kan. Olóyè Sunday Awoniyi, ọmọ Mopa ní ilẹ̀ Ìyàgbà, tó kú ní 2007, jẹ́ elédè Yorùbá, ó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, ó sì wà lára àwọn aṣáájú Arewa Consultative Forum. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní gúúsù kò lóye rẹ̀. Lójú àwọn tó mọ ìtàn ilẹ̀ Òkun, kò sí ìtakora níbẹ̀: ìjọba tó tọ́ ọ, ilé-ẹ̀kọ́ tó lọ àti iṣẹ́ tó ṣe jẹ́ ti àríwá, èdè tí ìyá rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún jẹ́ Yorùbá.

3.2 Àwọn ará Ìlọrin

Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ló pe Àlímì, onímọ̀ ẹ̀sìn tó jẹ́ Fúlàní, sí Ìlọrin. Abdulsalami, ọmọ Àlímì, di Ẹmíà àkọ́kọ́ ní nǹkan bí 1823. Àwọn Balógun mẹ́rin ìlú náà, Gàm̀bàrí, Fúlàní, Àjíkòbí àti Àlànàmú, jẹ́ ẹ̀rí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìlú náà ti mọ̀ pé òun kì í ṣe ti ìran kan. Ohun tó ṣe pàtàkì fún wa ni ti èdè. Ìran tó gba oyè kò sọ èdè ìlú náà di Fúlfúldé. Yorùbá ni ó borí. Òun ni àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn Fúlàní fi ń ṣeré, tí wọ́n fi ń tajà, tí wọ́n sì fi ń wàásù. Orúkọ ènìyàn níbẹ̀ a máa so Lárúbáwá àti Yorùbá pọ̀, bí a ti rí i nínú orúkọ olóògbé Abubakar Olusola Saraki.

Síbẹ̀, ìbéèrè tí àwọn ará òde kì í yé bi ọmọ Ìlọrin ni pé, ‘Yorùbá ni yín ni, àbí Fúlàní?’ Bó bá dáhùn pé Yorùbá, a ó ní kó ṣàlàyé bí Ẹmíà ṣe dé ìlú Yorùbá. Bó bá dáhùn pé Fúlàní, a ó ní kó sọ Fúlfúldé kí á gbọ́. Àwọn méjèèjì ti gbà láìwádìí pé èdè àti ìran kò gbọ́dọ̀ pínyà.

3.3 Ìṣẹ̀kírì àti Olùkùmi

Ti àwọn Ìṣẹ̀kírì yàtọ̀ sí ti àwọn tí a ti mẹ́nu bà, nítorí níhìn-ín èdè ń sọ ohun kan, àwọn ènìyàn ń sọ òmíràn. Kò sí onímọ̀ ẹ̀ka-èdè tó máa jiyàn pé èdè Ìṣẹ̀kírì kò bá Yorùbá tan. Ìwé ìwádìí Akinkugbe ti 1978 fi ìbátan Yorùbá, Ìṣẹ̀kírì àti Ígálà hàn kedere. Ṣùgbọ́n ìtàn ìjọba wọn lọ sí Bìní, níbi tí Ginuwa, Olú wọn àkọ́kọ́, ti wá. Àwọn Urhobo àti Ìjọ̀ sì ni aládùúgbò wọn. Ìṣẹ̀kírì ni wọ́n ní àwọn ń jẹ́. Àwọn Yorùbá kan a máa bínú sí èyí, bí ẹni pé ọmọ ń sẹ́ ẹbí. Ó yẹ kí á rántí ohun tí Koelle rí ní 1854: kò sí òfin tó ní kí gbogbo àwọn tí èdè wọn tan máa jẹ́ orúkọ ọ̀kan nínú wọn.

Àwọn Olùkùmi ní Ugbodu àti Ukwu-Nzu, ní Ìpínlẹ̀ Delta kan náà, kéré níye jù wọ́n lọ. Àárín àwọn elédè Igbo ni wọ́n wà, èdè méjèèjì ni wọ́n sì ń sọ. Yorùbá tó bá dé ibẹ̀ a máa yọ̀ pé òun rí ìbátan tó sọnù. Àwọn aládùúgbò wọn a sì máa wò wọ́n bí Igbo tó ní ẹnà tirẹ̀. Wọn kò sọnù rárá, ilé wọn ni wọ́n wà.

3.4 Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fẹnu kò lórí ààlà tó la ilẹ̀ Kétu já. Ìlú Kétu fúnra rẹ̀, tí ogun Dàhọ̀mì ti fọ́ ní 1886, bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tó jẹ́ ìlú Kétu kan náà, bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ìyá ni ará Kétu àti ará Ìmẹ̀kọ, ṣùgbọ́n èdè Faransé ni ọ̀kan fi kọ́ ìwé, Gẹ̀ẹ́sì ni èkejì. Nínú àkójọ èdè àgbáyé tí a mọ̀ sí Ethnologue, a kò ka ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ìdàáṣà mọ́ ẹ̀ka-èdè Yorùbá. Ede Cabe ní àmì tirẹ̀, cbj. Ede Idaca ní idd. Yorùbá ní yor. Ìpín bẹ́ẹ̀ lè wúlò fún ẹni tó ń túmọ̀ ìwé. Ṣùgbọ́n ará Ṣábẹ̀ẹ́ tó lọ ta ọjà ní Ìṣẹ́yìn kò gbọ́ rí pé òun sọdá láti cbj sí yor.

4.0 Ẹ̀rí láti inú ìhun gbólóhùn

Gbogbo àpẹẹrẹ òkè yìí fi hàn pé ìbéèrè ‘èwo ni yín?’ ni ó ń dá wàhálà sílẹ̀. Ní abala yìí, a fẹ́ fi hàn pé èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàrin ìbéèrè tó há àti èyí tó gbààyè. Ẹ wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí:

(1) a. Yorùbá ni mí.
    b. Fúlàní ni mí.
(2) ?Yorùbá ni mí, Fúlàní ni mí.
(3) a. Ọmọ Yorùbá ni mí.
    b. Ọmọ Yorùbá ni mí, ọmọ Fúlàní ni mí.

Ọ̀pọ̀ elédè tó bá gbọ́ (2) yóò rò pé ẹni tó sọ ọ́ ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ó sì ń tún un ṣe, tàbí pé ó ń fi ni ṣẹ̀fẹ̀. Gbólóhùn (3b) kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ọ yóò kàn rò pé baba ẹni náà wá láti ọ̀nà kan, ìyá rẹ̀ láti ọ̀nà mìíràn. Kí ló fa ìyàtọ̀ yìí? Nínú (1), orúkọ ẹ̀yà fúnra rẹ̀ ni a pe àkíyèsí alátẹnumọ́ sí. Òun ni a fi dọ́gba pẹ̀lú olùsọ̀rọ̀. Bí a bá sì ti pe àkíyèsí sí ohun kan báyìí, olùgbọ́ a máa yọ àwọn yòókù tó wà nínú ọ̀wọ́ kan náà kúrò. Nínú (3), ọmọ ni olórí àpólà-orúkọ náà. Ẹ̀yán ajórúkọ ni orúkọ ẹ̀yà. Kì í ṣe ẹ̀yà ni a fi dọ́gba pẹ̀lú olùsọ̀rọ̀. Ìbátan tó wà láàrin òun àti ẹ̀yà náà ni a sọ. Ìbátan bẹ́ẹ̀ kò ní òǹkà, nítorí kò sí ẹni tí kò ní òbí méjì àti òbí àgbà mẹ́rin.

A lè fi nìkan dán èyí wò:

(4) a. Ọmọ Yorùbá nìkan ni mí.
    b. ?Yorùbá nìkan ni mí.

Olùsọ̀rọ̀ tó fẹ́ kí ọmọ yọ àwọn ìran yòókù kúrò ní láti fi nìkan kún un, bó ṣe wà nínú (4a). Bí kò bá ti jẹ́ pé ẹnì kan ti kọ́kọ́ sọ pé olùsọ̀rọ̀ tún jẹ́ nǹkan mìíràn, (4b) kò dùn létí, nítorí iṣẹ́ tí nìkan fẹ́ ṣe níbẹ̀ ti di ṣíṣe tẹ́lẹ̀.

Ẹnì kan lè takò wá pé Ìyàgbà lè sọ gbólóhùn (5) láìsí wàhálà:

(5) Ìyàgbà ni mí, Yorùbá ni mí.

Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n Ìyàgbà àti Yorùbá kò sí nínú ọ̀wọ́ kan náà. Ọ̀kan wà nínú èkejì. Èyí gan-an ló là wá lójú sí ohun tó ṣẹlẹ̀ níwájú akọ̀wé ọdún 1988. Orúkọ ẹkùn ni àríwá. Orúkọ èdè àti ti ìran ni Yorùbá. Ọ̀wọ́ wọn yàtọ̀, nítorí náà wọn kò lè bá ara wọn du ipò. Akọ̀wé náà ló kó wọn sínú ọ̀wọ́ kan, tó wá ní kí n mú ọ̀kan. Irú ìkópọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó sọ ọmọ Ìlọrin di ẹni tí kò ní ìdáhùn.

Ìyàtọ̀ kan tún wà tí èdè wa kò fi ṣeré:

(6) Ará Ìlọrin ni mí, ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀fà ni mí.

Ará ń sọ ibi tí a ń gbé, ọmọ ń sọ ibi tí a ti ṣẹ̀. Gbọ́ àti sọ wà fún ti èdè: Mo gbọ́ Hausa kò sọ mí di Hausa. Oríkì ni ó lo ọ̀nà yìí jù lọ. Nínú oríkì, a máa ń to ọmọ lé ọmọ láìsí ọ̀rọ̀ asopọ̀ láàrin wọn, ti baba, ti ìyá, ti ìlú tí a ṣí kúrò, kò sì sí akéwì tó ń bi ẹni tó ń kì pé èwo gan-an ni ó jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni òwe tó ní bí ọmọ kò bá jọ ṣòkòtò, yóò jọ kíjìpá. Ìlà baba àti ti ìyá ni òwe náà kà. Kò ní bí ọmọ bá jọ ọ̀kan, kí a gba èkejì lọ́wọ́ rẹ̀.

5.0 Òfin, fọ́ọ̀mù àti àwa onímọ̀

Ó yani lẹ́nu pé òfin orílẹ̀-èdè wa sún mọ́ gírámà ọmọ ju ti fọ́ọ̀mù lọ. Abala 318 Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 ṣàlàyé pé ẹni tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan ni ẹni tí ọ̀kan nínú òbí rẹ̀, tàbí èyíkéyìí nínú àwọn òbí rẹ̀ àgbà, jẹ́ ọmọ àwùjọ tó jẹ́ onílẹ̀ níbẹ̀. Bí a bá tú àlàyé yìí palẹ̀, ẹni tí òbí rẹ̀ àgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá láti ìpínlẹ̀ mẹ́rin lè jẹ́ ti mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣùgbọ́n lójú ìṣe, ìwé-ẹ̀rí ìjọba ìbílẹ̀ kan ni a ń bèèrè, ìlà kan ṣoṣo ni fọ́ọ̀mù sì fi sílẹ̀. Ní ti ètò ìkànìyàn, ti 1991 àti ti 2006 yọ ìbéèrè nípa ẹ̀yà àti ẹ̀sìn kúrò pátápátá. Èyí dín ìjà kù, ṣùgbọ́n ẹni tí a kò bi léèrè kò tí ì di ẹni tí a gbà.

Àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ńkọ́? Iṣẹ́ ribiribi ni Adetugbo ṣe ní 1967 lórí ẹ̀ka-èdè Yorùbá, orí rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń kọ́lé sí títí di òní. Àkọlé iṣẹ́ náà fi hàn pé Yorùbá ilẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ni ó gbé yẹ̀ wò. Ààlà ẹkùn ìjọba di ààlà ìwádìí. Àwọn Òkun bọ́ sí ìta. Nígbà tí Oyelaran kọ tirẹ̀ ní 1978 ni Àríwá Ìlà-oòrùn rí ààyè tirẹ̀ láàrin àwọn ẹ̀ka-èdè. Capo, ní 1989, dábàá orúkọ Defoid fún ẹbí tó kó Yorùbá àti àwọn ìbátan rẹ̀ mọ́ra. Ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀ dára, nítorí ó jẹ́ kí á lè sọ̀rọ̀ nípa ìbátan èdè láìfi orúkọ ọmọ ìyá kan pe gbogbo ẹbí.

Mo ní láti jẹ́wọ́ ẹ̀bi tèmi náà. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ṣètò ìwádìí kan láàrin àwọn elédè méjì. Olùrànlọ́wọ́ mi kan mú fọ́ọ̀mù wálé láti ọ̀dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ Olùkùmi. Níbi tí a ti bèèrè ẹ̀yà, bàbá náà kọ orúkọ méjì, Olùkùmi àti Igbo. Olùrànlọ́wọ́ mi ti fi gègé fa ìlà kọjá lórí ìkejì, nítorí orúkọ kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà yóò gbà. N kò lè bá a wí. Èmi ni mo kọ fọ́ọ̀mù náà, èmi ni mo fi ìlà kan sílẹ̀. Ohun tí akọ̀wé ṣe sí mi ní 1988 ni mo lo owó ìwádìí láti ṣe sí ẹlòmíràn, mo sì tún fẹ́ pè é ní ìmọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo yí ìbéèrè mi padà. Àwọn tí mo ń lò báyìí nìyí:

(7) a. Ọmọ ibo ni yín níhà ti baba?
    b. Ọmọ ibo ni yín níhà ti ìyá?
    c. Ará ibo ni yín báyìí?
    d. Èdè wo ni wọ́n fi tọ́ yín? Èdè wo ni ẹ fi ń tọ́ ọmọ?
    e. Kí ni ẹ ń pe ara yín? Kí ni àwọn ẹlòmíràn ń pè yín?

Àǹfààní (7e) kò kéré. Bí ìdáhùn apá rẹ̀ méjèèjì bá yàtọ̀, ìyàtọ̀ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ àwárí. Ó ń sọ fún wa ibi tí ènìyàn ti ń ru orúkọ tí kò fẹ́, àti ibi tí wọ́n ti ń fi èyí tó fẹ́ dù ú. Ó pọn dandan kí a fi ìlà tó pọ̀ sílẹ̀ fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, kí a má sì ṣe dín wọn kù nígbà tí a bá ń kó wọn sínú kọ̀ǹpútà.

Àwọn akẹ́gbẹ́ kan ti sọ fún mi pé èyí yóò mú kí òǹkà elédè ṣòro láti ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n òǹkà tó rọrùn nítorí pé a pa ìdajì ìdáhùn rẹ́ kò lè jẹ́ òǹkà tó péye. Bí ó bá sì jẹ́ àwùjọ kékeré bíi ti Ugbodu ni, orúkọ tí a pa rẹ́ nínú ìwé lónìí lè jẹ́ ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi ní tẹ ìwé ìkàwé ní èdè náà lọ́la.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti ṣàlàyé pé orúkọ ẹ̀yà àti ti èdè ní agbègbè wa jẹ́ ohun tó dé ní ìpele-ìpele, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì wá láti ẹnu àwọn ará òde. A fi àwọn Òkun, Ìlọrin, Ìṣẹ̀kírì, Olùkùmi, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ṣe àpẹẹrẹ pé èdè, ìran, ẹkùn ìjọba àti ìpè tí ènìyàn ń pe ara rẹ̀ lè gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láìsí pé irọ́ wọ̀ ọ́. A tún fi hàn pé ìhun ọmọ X ni mí gba ọ̀pọ̀ orúkọ lọ́nà tí X ni mí kò gbà á, àti pé ìkọlù láàrin orúkọ a máa wáyé nígbà tí olùbéèrè bá kó orúkọ inú ọ̀wọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sínú ọ̀wọ́ kan.

Iṣẹ́ kù nílẹ̀. Ó yẹ kí a mọ̀ bóyá irú ìyàtọ̀ tó wà láàrin (2) àti (3b) wà nínú Hausa, Igbo, Fọn, Edo àti àwọn èdè mìíràn tí àwọn akẹ́gbẹ́ wa ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Bí ó bá wà, ọ̀nà tí a ó gbà bi àwọn ènìyàn wa léèrè ti wà nínú èdè wọn tipẹ́. Títí di ìgbà náà, bí ẹnì kan bá kọ orúkọ méjì sórí fọ́ọ̀mù wa, ẹ jẹ́ kí á ka méjèèjì.